Ìràwọ̀ Tí Nǹkan Ń Fà Láṣọ

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìdí agbada gàrí, ẹ kú èéfín ojú, ẹ kú ọwọ́ tí kì í sinmi. Mo kí Ìyá Àgbà lórí ẹní wọn. Mo mọ̀ pé wọ́n á ti bèèrè bóyá mo ti sanra. Ẹ sọ fún wọn pé rárá. Mo kí Bàbá Kékeré àti àwọn ìyàwó wọn, kí wọ́n má bínú pé n ò kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Látí tó ń ka ìwé ìròyìn yìí sí yín létí lábẹ́ àtíbàbà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á. Tí ẹ bá dé ibi tí ohùn yín fẹ́ yí padà, ẹ dúró, ẹ mu omi, kí ẹ tó máa bọ̀. Ẹ má fo ibì kankan.

Màámi, mo mọ̀ pé ẹ máa bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ ilé wa síta. Àmọ́ ṣebí níta náà ni wọ́n ti wá sọ ọ́ fún yín? Kò sẹ́ni tó pè yín sínú yàrá. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, wọ́n ní àwọn rí ọkọ yín ní Ìgàndó l'Ékòó, ọkọ yín tí a ti ṣe fídáù rẹ̀, tí gbogbo àwọn tó ń yan gàrí ti jẹ nínú sàárà rẹ̀. Etí gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Etí gbogbo wọn náà ni kó gbọ́ èsì.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí n bá fi fóònù sọ ọ́, ẹ ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹ máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá ó rù.

Ẹ ní ẹ ń bọ̀ l'Ékòó tí ẹ bá ti hú ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìn odò tán. Ẹ ní ẹ kàn fẹ́ dúró lókèèrè kí ẹ wò ó ni. Ohun tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí ni pé kí ẹ má tìtorí rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n tí mo bá kàn sọ bẹ́ẹ̀ ṣá, mo mọ̀ yín, ọkọ̀ àárọ̀ ni ẹ máa wọ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìdí.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ni mo wà. Ọ̀gá mi, Ìyá Mọnsúrù, kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹnu wọn ṣá ló gbóná ju áyọ́ọ̀nù wọn lọ. Ṣọ́ọ̀bù wa ò jìnnà sí àkìtàn Solous, òkè ilẹ̀ tí gbogbo Èkó ń dà sí. Tí afẹ́fẹ́ bá yí, èéfín àkìtàn á wá jókòó sórí aṣọ funfun tí a sá. Ọ̀gá mi á máa bá afẹ́fẹ́ jà bí ẹni ń bá orogún jà, wọ́n á ní kó lọ sọ fún ẹni tó rán an pé àwọn ò sí nílé. A ó rẹ́rìn-ín, a ó tún aṣọ náà fọ̀.

Ẹ̀yìn ibi tí a ń gbé aṣọ kọ́ ni mo ń sùn. Ẹ̀wù àwọn èèyàn ló máa ń wà lókè orí mi, ẹ̀wù tí kò sí èèyàn nínú wọn. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, gbogbo wọn á máa mì, bí ìgbà tí wọ́n ń dúró de kí ẹnì kan wá pè wọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ògiri ni mo máa ń kọjú sí. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Mo máa ń kí ẹ̀wù ọlọ́pàá kí n tó kí ti pásítọ̀. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ó ti wà nínú ìwé ìròyìn, ẹ má sọ ọ́ ṣá.

Ohun tí ẹ sọ fún Ìyá Àgbà ni pé iṣẹ́ ni mo wá kọ́. Iṣẹ́ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi àti ẹ̀yin la mọ̀ pé nítorí Bàbá mi ni.

Bíríkìlà ni Bàbá. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ọ̀rẹ́ wọn kan ló sì wá sọ fún yín pé ilé tí wọ́n ń kọ́ wó lù wọ́n, pé wọ́n ti sin wọ́n níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn wa ti wí. Kò sẹ́ni nínú wa tó rí sàréè. A ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, ẹ ṣe opó yín tán. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará ìlú wa bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn. Ẹni àkọ́kọ́ rí wọn ní àdúgbò mìíràn l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń ra kẹrosíìnì, ó pè wọ́n, wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n wọ àárín èrò, ó tán. Ẹni kejì rí ẹ̀yìn wọn ní mọ́ṣáláṣí kan ní Ìgàndó, kó tó wọ bàtà, wọ́n ti lọ.

Ẹ ò pariwo. Ẹ ò sunkún. Ẹ ní àkúdàáyà ni wọ́n. Ẹ ní ẹni tí kò tíì lo ọjọ́ rẹ̀ tán tó kú, ó lè lọ máa gbé ìlú mìíràn, kó máa ṣiṣẹ́, kó máa dá sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ọjọ́ tí ojú tó mọ̀ ọ́n bá ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tiẹ̀ níbẹ̀ ló máa palẹ̀ mọ́. Kò sì sẹ́ni tó máa gbúròó rẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà ni ẹ ti ń bu abọ́ kẹta. Ẹ bu tèmi, ẹ bu tiyín, ẹ bu ọ̀kan, ẹ dé e, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Lówùúrọ̀ ẹ ó dà á fún adìyẹ. Àwọn adìyẹ wa sanra ju àwa lọ. Bàbá Múkáílà káfíńtà wá lẹ́ẹ̀mẹta pé àwọn fẹ́ fẹ́ yín, ẹ ní ẹ ní ọkọ. Wọ́n ní ọkọ dà? Ẹ ní ó wà ní Ìgàndó. Mo wà níbẹ̀, mò ń fọ́ ẹ̀gúsí. Wọ́n wò yín títí, wọ́n ní ó dáa, wọ́n tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa tó ń ké ṣe, wọ́n gbé àpótí irinṣẹ́ wọn, wọ́n lọ.

Nígbà tí mo pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí owó ilé-ìwé ti já mi sílẹ̀, ẹ jókòó tì mí, ẹ ní èmi nìkan ni ojú mi ò mọ Bàbá mi mọ́, pé mo kéré jù nígbà tí wọ́n lọ. Kò sí fọ́tò. Ẹ ní ojú tèmi ò ní lé wọn lọ, nítorí ojú tí kò mọ nǹkan kan ni. Kí n lọ sí Ìgàndó. Kí n má pè wọ́n o, kí n má tẹ̀ lé wọn o. Kí n kàn wò ó bóyá wọ́n ń jẹun, bóyá ẹnì kan ń bá wọn fọṣọ. Màámi, ta ló ń rán ọmọ lọ wá ẹni tí kò mọ ojú rẹ̀? Ẹ̀yin ni. Mo sì lọ. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń wo ojú gbogbo ọkùnrin tó bá kọjá, mò ń bi ara mi pé ṣé imú èyí jọ tèmi. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ìdánìkanwà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà tí ọdún tó kọjá ń lọ sópin, mò ń fín omi sára ṣòkòtò kan, rédíò ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí àmì pé pílánẹ́ẹ̀tì márùn-ún ló ń yí ìràwọ̀ kan po, ìràwọ̀ tó jọ oòrùn wa, tí kò jìnnà bí àwọn yòókù ṣe jìnnà. Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn lè wà níbi tí kò gbóná jù, tí kò tutù jù, bóyá omi wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá bá àwọn wá omi wá sí Ìgàndó ná. Wọ́n pa rédíò nítorí bátìrì. Àmọ́ ọkàn mi ti lọ. Ìlú mìíràn tí ojú ẹnikẹ́ni ò tíì dé rí. Ibi tí èèyàn lè lọ máa gbé, tí ará ilé ò ní bá a.

Tíṣà kan wà tí wọ́n ń kó ṣẹ́ẹ̀tì wọn wá sọ́dọ̀ wa, ará Èkìtì ni wọ́n, físíìsì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Wọn kì í bá mi ṣeré òṣì, wọn kì í sì í pè mí ní ọmọ alágbàfọ̀. Mo bi wọ́n léèrè báwo ni wọ́n ṣe rí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì yẹn láti ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó rí wọn.

Mo ní kí ló dé tí wọ́n wá fi ń sọ ọ́ lórí rédíò.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó sórí àga onígi wa. Wọ́n ní kí n fojú inú wo ìyá kan tó wọ aṣọ funfun, tó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, tó ń fi í yípo ní pápá nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ọmọ náà kéré, kò wọ funfun, ẹni tó wà lókèèrè ò lè rí i. Ìyá nìkan ló ń hàn. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn ò dúró gbọn-in. Ó ń yẹ̀ síhìn-ín, ó ń yẹ̀ sọ́hùn-ún, díẹ̀ báyìí, nítorí ohun tó dì mú ń fà á. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn pẹ́ á mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ò ṣófo. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn. Ìràwọ̀ náà ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí nǹkan ń fà láṣọ.

Màámi, ẹ̀yin ni mo rí. Mo rí yín bí ẹ ṣe máa ń gbé abọ́ kẹta lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo rí yín bí ẹ ṣe máa ń sùn sí ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. N ò rántí ojú Bàbá, àmọ́ mo mọ bí wọ́n ṣe wúwo tó, nítorí mo ti rí bí wọ́n ṣe ń fà yín. Áyọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà lábẹ́ ọwọ́ mi.

Kí tíṣà tó dìde, wọ́n ní kí n má gbà á gbọ́ tán o. Wọ́n ní àwọn tó rí àmì náà gan-an ò fọwọ́ sọ̀yà. Ó lè jẹ́ pé kò sí nǹkan kan tó ń fà á, kó jẹ́ pé ara ìràwọ̀ náà ló ń gbọ̀n lásán. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn Mágíríbì, iná ti lọ ní gbogbo àdúgbò, ọyẹ́ sì ká díẹ̀. Tíṣà wá gba aṣọ wọn, wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n fi ìràwọ̀ yẹn hàn mí. Kò tóbi, Màámi. Tí wọn ò bá fi hàn mí, n ò ní kà á sí nǹkan kan. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń rin bí ọdún méjìlá kó tó dé ojú wa. Mo ní àwọn tó bá wà níbẹ̀ ńkọ́, tí àwọn náà bá ń wò wá? Wọ́n ní tí awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn bá lágbára dé ibẹ̀, àwa ti ọdún méjìlá sẹ́yìn ni wọ́n máa rí.

Ọdún kọkànlá nìyí tí Bàbá ti lọ.

Mo dúró síta títí ọ̀gá mi fi bú mi wọlé. Mò ń rò ó pé lójú àwọn ará ibẹ̀, Bàbá ṣì wà nílé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, simẹ́ńtì kún apá wọn, ẹ̀yin ń gba ẹ̀wù lọ́wọ́ wọn, èmi ń sáré káàkiri láìwọ nǹkan kan. Abọ́ kẹta jẹ́ abọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Mo fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yẹn dúró síbẹ̀. Àmọ́ kì í dúró. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ níbí ló ń lọ níbẹ̀. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á rí i níbẹ̀ náà pé Bàbá gbé àpò wọn, wọ́n jáde.

Màámi, ẹ di ara yín mú. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn ẹ̀wù kan dé.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe kọ́ mi láti máa di ẹ̀wù ẹlẹ́gbin. Ká kó apá rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ká ta á ní kókó kan, ká wá ki ọrùn ẹ̀wù bọ inú kókó náà. Ẹ ní bí Bàbá ṣe máa ń di tiwọn nìyẹn, kó má baà dà pọ̀ mọ́ ti àwọn bíríkìlà yòókù. N ò rí ẹlòmíràn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Mọnsúrù rí mi níbi tí mo ti ń ṣe é, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ fi ẹ̀wù oníbàárà ṣe ọmọláńgidi ni.

Ọmọbìnrin kékeré kan ló gbé ọ̀rá kan wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ òsì ló fi nà án sí ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi ní kó fi ọwọ́ gidi fún àwọn jàre. Ọmọ náà ní dádì òun ní ọwọ́ ni ọwọ́ ń jẹ́. Màámi, ẹ ti fi òrógùn gbá ọwọ́ òsì mi títí ó fi gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ ọmọ náà bóyá ó kan ilẹ̀. Ó kan ilẹ̀. Sílípáàsì pupa ni, wọ́n ti fi okùn so ọ̀kan.

Mo tú ọ̀rá náà. Ẹ̀wù mẹ́ta. Apá wọn wà lẹ́yìn, kókó kan, ọrùn nínú kókó.

Èmi ni mo fọ̀ wọ́n. N ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Omi àkọ́kọ́ dà bí omi ọ̀gì, iyanrìn sì sùn sísàlẹ̀ rẹ̀. Simẹ́ńtì. Mo sọ fún ara mi pé òkú kì í po simẹ́ńtì. Mo tún bi ara mi pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi? Nígbà tí mo lọ̀ wọ́n tán, mo gbá ẹ̀wù tó gbẹ̀yìn mọ́ra, ó gbóná bí ara èèyàn. Áyọ́ọ̀nù ló mú un gbóná, mo mọ̀.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. A kì í di ẹ̀wù mímọ́. Ẹ mọ̀, èmi náà mọ̀. Mo dì wọ́n. Mo kó apá wọn sẹ́yìn, mo rọra ta kókó kí ó má baà rún, mo ki ọrùn wọn bọ̀ ọ́. Ẹ ní kí n má pè é. N ò pè é. Àmọ́ mo ta kókó.

Ọmọ náà wá gbà wọ́n nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Ọ̀sán, bàbá rẹ̀ mú un lọ́wọ́ wá.

Kò ga tó bí ẹ ṣe sọ. Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní ó. N ò tíì mọ ẹni tí mò ń bọ̀wọ̀ fún. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Àkúdàáyà a máa hu ewú, àbí? Ẹ ò sọ ìyẹn fún mi. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀wù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì tú u. Ó bi ọ̀gá mi pé ta ló dì í. Ọ̀gá mi rò pé ẹjọ́ ló wá rò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ọmọ oko ni mí, pé àwọn ti kìlọ̀ fún mi títí. Ó ní kò sí ìjà. Ó wá yíjú sí mi, ó bi mí pé ìlú wo. Mo ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní agbo ilé wo. Mo dárúkọ ilé wa.

Kò bèèrè orúkọ mi. Ó fi àtàńpàkò rẹ̀ tẹ kókó náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wò ó bóyá ó ti jinná. Ó wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́, kò wò mí:

“Ṣé ìyá ẹ ṣì ń dì í bẹ́ẹ̀?”

Màámi, n ò tíì dárúkọ yín. N ò tíì sọ pé mo ní ìyá.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ tí mo ti to sílẹ̀ fún ọjọ́ yẹn láti ọdún kan. Mo ti rò ó pé màá pè é ní Bàbá, tàbí màá bú u, tàbí màá dì mọ́ ọn. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “Gbogbo ẹ̀wù ni wọ́n ń di bẹ́ẹ̀, sà.” Sà, bí mo ṣe ń pe gbogbo oníbàárà.

Ó mi orí. Ó gbé ẹ̀wù náà lé orí tábìlì bí ẹni tó gbàgbé pé tòun ni. Ìdúró ti sú ọmọ náà, ó di etí agbádá rẹ̀ mú, ó ń fà á pé kí wọ́n máa lọ. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ. Ọmọ ń fà, òun ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ẹ̀wù náà lọ sí ilé tí ọmọ yẹn ti júwe fún ọ̀gá mi, kò ju òpópónà kejì lọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìgbálẹ̀ àti páálí nìkan ló wà nínú yàrá. Obìnrin tó wà ní yàrá kejì ní kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọkùnrin náà, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ti kó ẹrù sínú ọkọ̀, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ní Baruwa ni wọ́n lọ, ẹlòmíràn ní ọ̀nà Command. Obìnrin náà bi mí bóyá ó jẹ mí ní nǹkan kan. Mo ní n ò mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo wọkọ̀ lọ sí Command. Mo dúró níbi tí èrò ti ń bọ́ sílẹ̀, mò ń wo apá ẹ̀wù àwọn èèyàn, títí obìnrin elẹ́pà kan fi bi mí bóyá mo ti sọnù. Mo padà sílé.

Ìgbà yẹn ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá mi. Wọ́n fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Wọ́n ní àkúdàáyà kì í gbé aṣọ wá fún alágbàfọ̀. Wọ́n ní l'Ékòó níbí, ọkọ tó sá lọ pọ̀ ju òkú tó jí lọ. Nígbà tí wọ́n ń bu oúnjẹ, ẹran tiwọn ni wọ́n fi lé tèmi.

Màámi, mo ti gbìyànjú kí n gbà á bí ẹ ṣe gbà á. Tó bá jẹ́ òkú ni, òfin àwọn òkú ló ní kó lọ, kò kọ̀ wá. Ó rọrùn láti sùn lé irú ìyẹn lórí. Mo mọ ìdí tí ẹ fi yàn án. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ alààyè ni, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi lọ, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rí ojú mi kó tó lọ nígbà kejì. Àwọn ẹ̀wù ń mì lókè orí mi, mò ń sọ fún wọn pé òkú ni, òkú ni. Kò wọ̀ mí lára. Mo rí ewú rẹ̀. Mo rí simẹ́ńtì rẹ̀. Mo rí ọmọ rẹ̀, ọwọ́ tèmi ló wà lára rẹ̀. Alààyè ni, Màámi. Ẹ̀gbọ́n Látí, ẹ tún un kà: alààyè ni.

Ìràwọ̀ yín ò gbọ̀n lásán. Nǹkan kan ń fà á lóòótọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má pè yín ní wèrè. Àmọ́ ohun tó ń fà yín ti gbé ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìràwọ̀ mìíràn tipẹ́tipẹ́. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ti pẹ́ ni ẹ ṣì ń wò.

Ẹ̀wù tó fi sílẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Òfin ṣọ́ọ̀bù ni pé aṣọ tí olówó rẹ̀ ò bá wá gbà, tó bá pẹ́, a ó fi tọrẹ. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí yín. Mo wá rò ó pé ẹ máa gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, sí àyè tí ẹ máa ń fi sílẹ̀ yẹn. N ò fi ránṣẹ́. Mo tú apá rẹ̀. Mo gbé e kọ́ láàárín ti ọlọ́pàá àti ti pásítọ̀, bí ẹ̀wù gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá bá mu ni kó wọ̀ ọ́.

Abọ́ kẹta yẹn, ẹ gbé e fún Ìyá Àgbà, tiwọn ti sán létí. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ńkọ́, ṣé ó tún ti ń ké? Tó bá ń ké, ẹ mọ ẹni tó tún un ṣe. Ẹ ránṣẹ́ pè wọ́n. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mò ń sọ, ilẹ̀kùn ni mò ń sọ. Ẹ pè wọ́n ṣá.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí èéfín fọ́ ojú yín. Kó jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ ọdún yìí ta dáadáa. Kó fún Ìyá Àgbà ní oorun, kó fún Ẹ̀gbọ́n Látí ní ohùn tó fi ka èyí tán. Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tó wà nídìí agbada, ẹ ní mo ti dá wọn lóhùn. Kí Ó tún bá mi ṣọ́ ọmọ kékeré yẹn níbi tí wọ́n gbé e lọ. Kò mọ nǹkan kan.

Tí ẹ bá ti hú ẹ̀gẹ́ tán, ẹ wá. Ẹ má tìtorí òun wá, ẹ tìtorí mi wá. N óò fi ìràwọ̀ náà hàn yín tí kò bá tíì wọ̀. Títí dìgbà náà, tí ẹ bá ń yan gàrí, tí ẹ rí i pé ẹ ń yẹ̀, tí nǹkan kan fà yín láṣọ láti ibi tí ẹ ò rí, ẹ má wo ẹnu ọ̀nà mọ́. Kì í ṣe òun. Èmi ni. Ìgbà tí ẹ ti bí mi ni mo ti ń yí yín po, mo jìnnà báyìí, mo ṣì ń fà.

Èmi ni ọmọ yín, ọlọ́wọ́ òsì,
Síkírátù